Pátákó Ọrùn: Ìtàn Èrè àti Ìyà ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mushin, pátákó kékeré kan wà tí gbogbo wa bẹ̀rù ju ẹgba lọ. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Wọ́n lu ihò sí i lókè, wọ́n fi okùn bọ̀ ọ́, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta sí i, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ pé, "Mo sọ fanakúlà." Ní òwúrọ̀, ọmọ àkọ́kọ́ tí tíṣà bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ ni wọn yóò gbé e kọ́ lọ́rùn. Tíṣà kọ́ ni yóò bọ́ ọ kúrò o. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò dọdẹ ẹlòmíràn tí ó bá sọ Yorùbá, tí yóò sì gbé e fún un. Nígbà tí agogo àjáde bá lù, ẹni tí ó bá kù sí lọ́rùn ni yóò jẹ ẹgba mẹ́fà, tí yóò sì gbá kíláàsì.

Ní ọjọ́ kan, oòrùn ti yẹ àtàrí kí pátákó yìí tó kàn mí. Mo wá ẹni tí n óò gbé e fún, n kò rí; gbogbo ẹgbẹ́ mi ti di odi. Ó kù díẹ̀ kí agogo lù. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, ẹni tí a jọ máa ń pín gúgúrú jẹ, ń sáré bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ omi. Mo na ẹsẹ̀ síta. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì, orúnkún rẹ̀ bó, ó sì ké pé, "Yéè! Ìyá mi o!" Kò tíì dìde nílẹ̀ tí mo fi bọ́ pátákó lọ́rùn ara mi, tí mo sì fi kọ́ ọ lọ́rùn. Òun ni ó jẹ ẹgba mẹ́fà lọ́jọ́ náà.

Ní ọdún kan náà ni ìyá bàbá mi gbé oúnjẹ tí mo gbàgbé sílé wá fún mi lẹ́nu géètì. Bí ó ti fojú kàn mí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kì mí: "Àkànní, ọkọ mi, ebi kò ha pa ọ́ bí?" Ọmọ tí pátákó wà lọ́rùn rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò mí bí ológbò tí ń ṣọ́ eku. N kò dá ìyá lóhùn. N kò lè kí i ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí kò gbọ́ ọ. N kò sì gbọdọ̀ kí i ní èdè tí ó gbọ́. Mo gba abọ́, mo yíjú padà. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo gbọ́ tí ó ń bi bàbá mi léèrè bóyá wọ́n fi nǹkan ṣe ọmọ òun lẹ́nu ní ilé-ìwé. Ìyá ti lọ sí ọ̀run kí n tó dàgbà débi tí n óò fi lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un.

Ní báyìí tí mo di akẹ́kọ̀ọ́ èdè ní Akoka, ọ̀rọ̀ pátákó yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Mo fẹ́ mọ ibi tí ó ti wá. Mo sì fẹ́ mọ ohun tí ó kọ́ wa gan-an, nítorí pé ó dá mi lójú pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn tí ó fi ìwà ẹ̀dá ṣe ẹ̀kọ́. Ní 1898, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Edward Thorndike kó àwọn ológbò tí ebi ń pa sínú àpótí onígi, ó sì gbé oúnjẹ sí ìta níbi tí wọn óò ti máa rí i. Ilẹ̀kùn àpótí náà kò ní ṣí àfi bí ológbò bá fa okùn kan tàbí kí ó tẹ igi kan mọ́lẹ̀. Ológbò yóò ha igi, yóò ké, yóò fò sọ́tùn-ún, yóò fò sósì, títí yóò fi ṣèèṣì fa okùn. Bí wọ́n ti ń dá a padà sínú àpótí léraléra, bẹ́ẹ̀ ni eré òfò yẹn ń dín kù, títí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbé e wọlé báyìí, okùn ni yóò kọjú sí. Láti ara èyí ni Thorndike ti fa òfin rẹ̀ yọ, tí a lè pè ní òfin àtubọ̀tán: ohun tí ẹ̀dá bá ṣe tí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ bá dùn mọ́ ọn, yóò tún un ṣe, èyí tí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ bá korò, yóò máa fi í sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ra ẹ̀wà tàbí gàárì ní ọjà mọ òfin yìí tipẹ́. Kí ni èènì bí kò ṣe òfin àtubọ̀tán? Ìyálọ́jà bu ẹyọ ìkúnwọ́ kan lé e fún ọ, ó ní kí o gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ kò sì ní yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì tí àgbà máa ń kì fún ọmọ tí ó bá tètè jí, tí ó dọ̀bálẹ̀ kí ilé tó mọ́. Orí ọmọ náà a wú, yóò sì tún jí ní ọ̀la.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dùn ni pé Thorndike kò dúró sí ojú kan. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí 1932, ó ti yí apá kan òfin rẹ̀ padà. Ó ti rí i pé èrè a máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀kọ́ múlẹ̀, ṣùgbọ́n pé ìyà kì í pa ìwà rẹ́ tó bí èrè ti ń gbé e ró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni B. F. Skinner, ẹni tí ó kọ́ eku láti máa tẹ ọ̀pá kékeré kan kí oúnjẹ tó bọ́ sílẹ̀ fún wọn. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1938, ó ròyìn bí òun ti dá oúnjẹ náà dúró fún oríṣi eku méjì. Àwọn kan, ó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kejì, bí wọ́n bá ti tẹ ọ̀pá ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pá náà a gbá wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn tí a gbá lẹ́sẹ̀ tètè ṣíwọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbáni náà dáwọ́ dúró, wọ́n padà sí ìdí ọ̀pá, nígbà tí a sì ka gbogbo títẹ̀ wọn pọ̀, kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín wọn àti àwọn tí a kò gbá rárá. Ìyà dá wọn dúró, kò kọ́ wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní eku òyìnbó kò bá ti ènìyàn Èkó mu, kí ó bi bàbá rẹ̀ léèrè nípa ọdún 1984. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà ni Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn kéde Ogun Tako Ìwà Àìlẹ́kọ̀ọ́, tí gbogbo ayé mọ̀ sí WAI, títò sórí ìlà sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi sọ fún mi pé àwọn èrò tí ó máa ń ti fèrèsé wọ mólúè ní Ojúẹlẹ́gba ni ó tò bí ọmọ ilé-ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ yọ ẹsẹ̀ síta, nítorí pé ṣọ́jà wà níbẹ̀ pẹ̀lú kòbókò, àgbà ọkùnrin tí ó bá sì ṣe agídí yóò fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ògún, 1985, wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Bùhárí àti Ìdíàgbọn. Kò pẹ́ kò jìnnà, bàbá mi ní òun tún rí ẹsẹ̀ ènìyàn ní ojú fèrèsé mólúè.

Ṣùgbọ́n ní 2008, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT láti Mile 12 gba Fadéyí àti Stédíọ̀mù ní Sùúrùlérè lọ sí CMS, àwọn ará Èkó kan náà tò. Kò sí ṣọ́jà. Ẹni tí ó bá tò ni ó ń wọ bọ́ọ̀sì, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ dé ni ó ń kọ́kọ́ wọlé. Ìlà fúnra rẹ̀ ni ó ń san èrè. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùkù o, nítorí mo ti dúró lórí ìlà yẹn nínú òjò tí mo sì gégùn-ún. Ṣùgbọ́n mo dúró.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ èdè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti ìgbà tí òyìnbó ti mú ìwé dé ni ó ti ń lé Yorùbá jáde ní kíláàsì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ CMS kọ́kọ́ mọ̀ pé bí àwọn bá fẹ́ kí ọkàn ẹni yí padà, èdè rẹ̀ ni àwọn yóò bá a sọ. Ní 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Samuel Àjàyí Crowther jáde. Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, ó sì sọ gbangba pé ohun tí òun ń wá ni kí kíkà di àṣà mọ́ àwọn ènìyàn lára, kí wọ́n máa fi ojú ara wọn wá ìmọ̀ nínú ìwé. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà: àṣà. Townsend ń wá bí ìwà kan yóò ti mọ́ni lára, ní nǹkan bí ogójì ọdún kí ológbò Thorndike tó wọ àpótí. Ìròyìn ìlú, ti ọjà àti ti ogun ni ó fi ṣe èènì rẹ̀.

Owó ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Láti 1877 títí di 1882, ìjọba Èkó ń fún àwọn ìjọ mẹ́ta tí ó ní ilé-ẹ̀kọ́, CMS, Wẹ́sílì àti Àgùdà, ní £200 lọ́dún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní 1882 ni ìjọba ṣe òfin ẹ̀kọ́ fún Èkó àti Gold Coast, tí wọ́n jọ wà lábẹ́ àkóso kan nígbà náà. Láti ìgbà náà lọ, kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni owó ìrànwọ́ mọ́. Alábẹ̀wò yóò wá, yóò dán àwọn ọmọ wò, iye tí ó bá sì yege ni yóò sọ iye tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò gbà. Kí ni wọn yóò fi dán wọn wò? Gẹ̀ẹ́sì kíkà, Gẹ̀ẹ́sì kíkọ, ìṣirò, àti abẹ́rẹ́ lílò fún àwọn ọmọbìnrin. Yorùbá kò ní kọ́bọ̀ kan nínú òfin náà. Nígbà tí Èkó yà kúrò lára Gold Coast ní 1886, tí wọ́n sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 1887, sísan owó lórí èsì ìdánwò tún wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i dáadáa: òfin 1882 kò fi Yorùbá ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kò sọ pé kí wọ́n na ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé oúnjẹ sí ìta àpótí ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá lo wákàtí kan lórí Yorùbá ti fi wákàtí tí ó ń pa owó ṣòfò. Bí owó oṣù tíṣà bá wá ń ti inú owó ìrànwọ́ jáde, ṣé a ní láti sọ fún tíṣà ohun tí yóò ṣe fún ọmọ tí ń dá a dúró? Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ ni ẹgba ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Èrè ni ó sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀, ó di ìyà kí ó tó kan ọmọ.

Ètò yìí kì í ṣe ọgbọ́n tí wọ́n dá fún aláwọ̀ dúdú nìkan. Ní 1862, Robert Lowe ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ọmọ kọ̀ọ̀kan lè pa ṣílè 8 fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n kíkà, kíkọ àti ìṣirò, èyíkéyìí tí ó bá pàdánù nínú wọn yóò gé ṣílè 2 àti kọ́bọ̀ 8 kúrò. Akéwì Matthew Arnold, tí ó jẹ́ alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, fi ìkanra kọ̀wé sí ìjọba pé àwọn ọmọ ń há ìwé sórí láìmọ ohun tí wọ́n ń kà. Ohun tí a ń san owó fún ni a ń rí. Wọ́n san owó fún ìdánwò, wọ́n sì rí ìdánwò.

Pátákó náà pàápàá kì í ṣe ọmọ bíbí Mushin. Ní ilẹ̀ Wales, ìwádìí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe lórí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jáde ní 1847 sọ̀rọ̀ igi tí wọ́n ń gbé kọ́ lọ́rùn ọmọ tí ó bá sọ èdè Wales. Òun náà ń lọ láti ọrùn dé ọrùn, ẹni tí ó bá sì kù sí lọ́wọ́ ni wọ́n ń nà. Àwọn Faransé lo irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ Brittany, wọ́n sì gbé e wá sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ibi tí wọ́n ti ń pè é ní "symbole". Bernard Dadié, ọmọ Ivory Coast, ròyìn rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Climbié ní 1956; Ngũgĩ wa Thiong'o náà ròyìn ti Kẹ́ńyà ní 1986. Nígbà tí mo ka ti Ngũgĩ, mo pa ìwé dé. Gbogbo rẹ̀ ni ó bá tiwa mu, àfi orúkọ èdè.

Àwọn ará Èkó kò kàn jókòó wo òfin 1882. Àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà kùn sí i pé èdè àwọn ni wọ́n fẹ́ pa. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi bẹ̀rẹ̀ sí pa orúkọ òyìnbó tì. David Brown Vincent di Mojọlà Agbébí ní 1894, ó sì ń wọ agbádá lọ sí ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ kóòtù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a má purọ́ fún ara wa. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fẹ́ ẹ ju bí òyìnbó ti fẹ́ ẹ fún wọn lọ. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà ojú-irin láti Ìddó; ní 1901, ọkọ̀ ojú-irin ti dé Ìbàdàn. Ọgbà iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èbúté Mẹ́tta. Ẹni tí ó bá lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ ẹrù sínú ìwé di akọ̀wé, ó di ẹni tí ń gba owó ní òpin oṣù, òjò ìbáà rọ̀ kí ó má rọ̀. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó rí èyí kò nílò pátákó kankan lọ́rùn kí ó tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èrè wà níta gbangba.

Èrè náà sì ní ààlà. Ẹ wo Yaba Higher College, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1932, tí Gómìnà Donald Cameron sì ṣí ní gbangba ní oṣù Ṣẹẹrẹ, 1934. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni, ìdánwò rẹ̀ le bí ojú ẹja, ọdún tí wọ́n sì fi ń kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà jáde kì í ṣe dìgírì. Ẹni tí ó kọ́ ìṣègùn níbẹ̀, igbákejì ni yóò jẹ́ fún dókítà òyìnbó. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, igbákejì ni. Owó rẹ̀ náà, owó igbákejì. Wọ́n ní kí ológbò fa okùn, ó fa á, wọ́n sì ju egungun sí i. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó. Ní 1934 náà ni Ernest Ikoli, Samuel Akínsànyà, J. C. Vaughan àti H. O. Davies dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Yaba yìí sì wà lára ohun tí ó kó wọn jọ. Ní 1936, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ìjà òmìnira lélẹ̀. Èyí kò sí nínú ìwé Thorndike: pé ènìyàn, yàtọ̀ sí ológbò, a máa wo èrè ẹlòmíràn kí ó tó mọ̀ bóyá tirẹ̀ dùn. Ní 1948 ni wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 104 láti Yaba lọ bẹ̀rẹ̀ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìbàdàn.

Nígbà tí ìjọba bá sì fi èrè sí ìdí Yorùbá, kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ìwé àṣẹ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1925 lórí ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà ti fi ọwọ́ sí lílo èdè ìbílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ìdíje ìwé kíkọ, tíṣà kan tí ń jẹ́ D. O. Fágúnwà sì kọ ìwé kan fún un. Ní 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ẹ̀yin náà ẹ wo iye ọmọ tí ìwé kan ṣoṣo yẹn sọ di òǹkàwé Yorùbá, kí ẹ sì wo iye tí ẹgba mẹ́fà sọ di òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì.

Èmi pàápàá jẹ́rìí sí i ní ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá ti dé láti ilé-ìwé, ilé-kéwú ni mo ń gbé wàláà mi lọ. Áfáà wa ní kòbókò, kò sì fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá parí ibi tí ó ń kà, ìyá rẹ̀ yóò gbé sàráà wá, gbogbo wa yóò jẹ, wọn yóò sì dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Ọmọ tí ó bá ṣe wòlímọ̀, wọn yóò wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, wọn yóò mú un yíká àdúgbò, àwọn obìnrin yóò máa ná an lówó. Yorùbá sì ni Áfáà fi ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún wa. Mo kọ́ èdè àlejò níbẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ èdè ìyá mi di ẹ̀gbin lójú mi. Títí di òní, Gẹ̀ẹ́sì a máa mú mi láàyà kí n tó sọ ọ́ níwájú àgbà. Kéwú kò mú mi láàyà rí.

Ẹni tí ó bá ní ìtàn ọmọ kan kì í ṣe ẹ̀rí, kí ó lọ wo Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tíṣà tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ìdajì ọ̀nà, wọn kò kẹ́yìn. Wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ó bá ti tọ́ adùn pé ohun yé e yóò máa fẹ́ kí òmíràn yé e.

Èmi rò pé ẹ̀rí yẹn tó. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ kò gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Bélú, 2022, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fi ọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Bélú kan náà, 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ mìíràn kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ọdún mẹ́ta péré. Ní Èkó níbí, Gómìnà Ambode fi ọwọ́ sí òfin ìgbéga èdè Yorùbá ní oṣù Èrèlé, 2018. Òfin náà ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni, gbọ́dọ̀ kọ́ Yorùbá. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá kọ̀ yóò gba ìkìlọ̀, bí ó bá tún kọ̀, wọn yóò tì í pa, yóò sì san ₦500,000. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Lẹ́yìn náà ni mo ronú pé wọ́n mà tún ti gbé pátákó náà kọ́ lọ́rùn ẹlòmíràn! Oúnjẹ ṣì wà ní ìta àpótí níbi tí ó ti wà láti 1882: èmi tí mo wá kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì, krẹ́díìtì Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó gbà mí wọlé.

Ní oṣù tí ó kọjá, mo pàdé ọ̀rẹ́ mi ìjelòó ní ọjà Ọjúwòyè, níbi tí ó ti ń ta bàtà. Ó bá ìyá kan sọ Yorùbá, ó bá mọ̀lá kan sọ Haúsá, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tí ó já gaara dúnàádúrà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ kan. Kò sí tíṣà tí ó kọ́ ọ ní Haúsá. Àwọn tí ń ra bàtà ni. Mo fi ọ̀rọ̀ pátákó ọrùn yìí lọ̀ ọ́, mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ká ṣòkòtò sókè, ó fi àpá orúnkún rẹ̀ hàn mí. Ó ní òun kò rántí ẹgba mẹ́fà náà mọ́ rárá. Ẹsẹ̀ tí mo nà síta ni òun rántí.